Irú Ojú Wo La Fi Ń Wò Wọ́n? Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera àti Ẹni Tó Ń Ṣàìsàn Ọpọlọ

  

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọpọlọ ní Ọ̀fà níbí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé màá sọ̀rọ̀ nípa igbó àti oògùn olóró tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu, tàbí nípa àwọn tó ń rìn kiri ọjà láìwọṣọ. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn yẹn ti pọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìlera gan-an ni mo bá wá lónìí. Bí ọpọlọ ẹnì kan bá dàrú ní Ọ̀fà lóru òní, tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọ̀la, ọwọ́ yín ni yóò bọ́ sí. Irú ojú wo ni ẹ máa fi wò ó?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwádìí kan tí Ògúnsẹ̀mí, Ọdúsàn àti Ọlátáwurà tẹ̀ jáde ní 2008. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 144 ni wọ́n bá ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ti dé ọdún tí wọ́n máa fi jáde, gbogbo wọn ló sì ti lo àkókò wọn ní ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, wọ́n ti parí posting ibẹ̀. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó ṣàpèjúwe èèyàn kan. Ẹni tí wọ́n ṣàpèjúwe yìí, kò sí ohun tó ṣe é rárá. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Ìwé tó kan àwọn 76 parí síbẹ̀. Ìwé tó kan àwọn 68 yòókù, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú rẹ̀, àfi pé wọ́n fi orúkọ àìsàn ọpọlọ mọ́ onítọ̀hún lára. Wọ́n wá bi gbogbo wọn léèrè: ṣé ẹ lè fún ẹni yìí ní yàrá nínú ilé yín? Ṣé ẹ lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀? Bí ó bá fẹ́ gbé àbúrò yín obìnrin níyàwó, ṣé ẹ máa gbà?

Àwọn tí ìwé tiwọn kò dárúkọ àìsàn kankan gba ẹni náà mọ́ra ju àwọn yòókù lọ, ìyàtọ̀ náà sì hàn gbangba lórí ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ àdúgbò àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Èèyàn kan náà ni o. Ìwà kan náà ló hù. Orúkọ tí wọ́n fi mọ́ ọn lára ló yí ojú wọn padà.

Ohun tó ká mi lára jù níbẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀wé. Wọ́n ti jókòó sábẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣe ìdánwò yege, wọ́n lè ka àmì àìsàn schizophrenia láìwo ìwé. Ìmọ̀ wà lórí, ìbẹ̀rù sì jókòó pẹ́sẹ́ lọ́kàn, àwọn méjèèjì kò dí ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ má sì sọ pé ọmọdé ló ń ṣe wọ́n, pé tí wọ́n bá ti di dókítà ojú wọn á là. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, ní 2007, Adéwuyà àti Ògúntádé ti gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ síwájú dókítà 312 ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 64.1 ni kò fẹ́ kí ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ sún mọ́ wọn. Àwọn kan lára wọn ṣì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni àìsàn náà. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn tún sọ nǹkan kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé: àwọn dókítà tí kò ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ti ṣàìsàn ọpọlọ rí ni wọ́n jìnnà sí aláìsàn jù, àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà sì wà lára wọn. Ẹni tó ti mọ aláìsàn náà ní orúkọ, tó ti bá a jẹun, tó ti bá a ṣeré, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ dín kù. Ìwé nìkan kò ṣe é.

Ilé la ti kó ìbẹ̀rù yìí wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Fásitì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá èèyàn 2,040 sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹni tó ń ṣàìsàn ọpọlọ léwu, pé ó lè ṣe èèyàn léṣe. 82.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀rù á ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn tó lè ronú pé àwọn á fẹ́ ẹ kò ju 16.9 lọ. Ààlà Ọ̀ṣun kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, mi ò sì rí ìdí tí Ọ̀fà yóò fi yàtọ̀. Àwa náà la máa ń sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Àwa náà la máa ń rán alárinà lọ wádìí kí á tó gba ìdáná ọkọ tàbí aya: ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé wọn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ọmọ tó ń gbọ́ èyí láti kékeré, tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ òkúta lu ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, ọmọ yẹn náà ló dàgbà, tó yege nínú ìdánwò JAMB, tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìlera. Aṣọ funfun tí a wọ̀ fún un kò wẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ nù.

Ohun tó wá dùn mí ni pé ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń fi kún ìbẹ̀rù náà láìmọ̀. Ẹ ronú sí bí a ṣe ń fi àìsàn yìí han akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tí àìsàn náà le jù ni a máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wá wò ó. Wọ́n gbé aláìsàn dé, bóyá okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pariwo, kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́rin dì í mú kí wọ́n tó rí abẹ́rẹ́ gún un. Akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́yìn, ó ń wò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, posting parí, akẹ́kọ̀ọ́ padà sí kíláàsì. Aláìsàn náà wà níbẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, orí rẹ̀ ń fúyẹ́, wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Dókítà tó tọ́jú ibà máa ń pàdé ẹni tó wò sàn lọ́jà Owódé. Ẹni náà á sáré wá kí i, á ní ẹ ṣé o, dókítà, á fi ẹ̀fọ́ tàbí iṣu ta á lọ́rẹ. Ẹni tó gbádùn kúrò nínú àìsàn ọpọlọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó máa ń gba ojú ọ̀nà kejì ni, kí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn má baà bi í pé níbo ni o ti mọ ìyẹn. Ohun tó jẹ́ kó dà bíi pé àìsàn yìí kì í lọ nìyẹn. Àwọn tó sàn ń fi ara pamọ́, àwọn tí kò tíì sàn ni ojú ń rí. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn wa fi ń sọ ọ́ pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìlera náà sì ń gbà á gbọ́ ní ìkọ̀kọ̀ ọkàn rẹ̀. Mo sì mọ̀ dájú pé nínú gbọ̀ngàn yìí, bí a ṣe pọ̀ tó, àwọn kan wà níbí tí wọ́n ti lo oògùn àìsàn ọpọlọ rí tàbí tí wọ́n ń lò ó lọ́wọ́, tí ẹni tó jókòó tì wọ́n kò mọ̀.

Ẹ wo nǹkan kan tí ìwé ìwádìí kì í sábà kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ogún ọdún, wọ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ru, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín." Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ìyá mìíràn ni ó bá níbẹ̀, ẹgbẹ́ ti àkọ́kọ́, ìyá ọlọ́mọ, tó ti ṣòwò, tó ti sin òkú òbí, tí wọ́n ti fi joyè nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. "Jókòó. Mo ní kí o jókòó! La ẹnu ẹ kí n rí i bóyá o ti gbé oògùn yẹn mì."

Ta ló kọ́ ọ pé kó máa sọ "ìwọ" sí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà? Kò sí nínú ìwé kankan. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bá níwájú ni. Láàárín wa, àgbàlagbà tí ọmọdé bá ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé wọ́n ti yọ òun kúrò láàárín àwọn àgbà. Ìyá náà gbọ́ o. Àìsàn ọpọlọ kì í di èèyàn létí. Ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, síbẹ̀ ó ń gbọ́ tìrẹ náà, bí orí rẹ̀ bá sì ti wálẹ̀, ohun tí o sọ sí i kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ̀yin olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ yín wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára, ẹ fi ìwé ìdánwò sílẹ̀ ná, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń kí aláìsàn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu yìí, èyí tó ń pani tún wà. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti sọ pé ó ti gba ìtọ́jú ọpọlọ rí dé kílíníìkì, ó ní inú ń run òun. Dípò kí wọ́n tẹ inú rẹ̀ wò, ẹni tó mú un wá ni wọ́n kọjú sí: "Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀?" Wọ́n rò pé àìsàn tàtijọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ìfun rẹ̀ lè ti bẹ́, àtọ̀gbẹ lè ti wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le máa ń kú ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn, àìsàn ara tó ṣeé dènà tàbí tó ṣeé wò ló sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ojú tí òṣìṣẹ́ ìlera fi wo aláìsàn wà lára ohun tó ń pa á.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn báyìí: ẹni tí wọ́n ti gbá létí rí ní wọ́ọ̀dù, ṣé òun náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ni? Ìbéèrè gidi ni. Àìsàn máa ń le débi pé ẹni tó ń ṣe lè nawọ́ sí èèyàn, pàápàá nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba òun náà tàbí tí wọ́n bá ń fi agbára mú un. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, bó ṣe máa rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà tó yẹ kó pe ẹlòmíràn. Ẹ kọ́ wọn ní èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn jàm̀bá ọkọ̀ náà máa ń gbá nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ a kì í tìtorí rẹ̀ sọ pé gbogbo ẹni tó bá fara pa jẹ́ eléwu. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ kò gbá ẹnikẹ́ni rí. Àwọn gan-an ni wọ́n ń lù, tí wọ́n ń dè, tí wọ́n ń já sí ìhòòhò.

Kí ló dé tí mo fi yan Ọ̀fà sọ èyí? Torí pé ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Kwara, College of Health Technology, wà níbí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí à ń pè ní CHEW ti ń jáde lọ sí àwọn kílíníìkì ìjọba ìbílẹ̀. Nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, iye oníṣègùn ọpọlọ tí wọ́n máa ń kà fún wa kò tó 300. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Bùdó-Ẹ̀gbá, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní ilé ìwòsàn fásitì, UITH, n'Ílọrin, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó wà lábúlé kò mọ ibẹ̀, owó ọkọ̀ débẹ̀ ńkọ́? CHEW tó wà nítòsí rẹ̀ ni oníṣègùn ọpọlọ tirẹ̀. Bí ẹni yẹn bá fi ojú ẹ̀gàn wò ó, kò sí ibòmíràn tó ń lọ mọ́, àfi ibi tí wọ́n á ti dè é mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. Ní Ọ̀ṣun níbí, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n tún un ṣe kó bá ilẹ̀ wa mu, wọ́n sì fi kọ́ òṣìṣẹ́ 198 láti kílíníìkì 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí à ń pè ní CHO ni wọ́n, CHEW ni wọ́n. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 2015: àwọn òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń darí èyí tó bá ju agbára wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ohun tí ọmọ Ọ̀ṣun ṣe, ọmọ Ọ̀fà lè ṣe é.

Àwọn tó nílò rẹ̀ sì pọ̀ ju àwọn tí ẹ ń rí lójú títì lọ fíìfíì. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2006, èèyàn 4,984 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní irú àìsàn ọpọlọ kan rí láyé wọn. Àwọn tó rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún kan nínú àwọn tó nílò rẹ̀ gan-an kò ju nǹkan bíi 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àìsàn tó jẹ mọ́ àníyàn àti ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ yíya.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, ọjọ́ tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì wa àti àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà lára wọn. A sin àwọn òkú, a tún ilé ṣe. Ta ló bi àwọn tó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì báńkì lọ́jọ́ náà léèrè bóyá wọ́n ń sùn? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wá sọ fún CHEW pé ọpọlọ òun ń dààmú. Ohun tó máa sọ ni pé orí ń fọ́ òun, pé àyà òun ń já tí táyà bá bẹ́ lójú pópó, pé òun kò rí oorun sùn. Òṣìṣẹ́ ìlera tó gbà pé ẹni tó wà ní ìhòòhò nìkan ni àìsàn ọpọlọ ń ṣe yóò fún un ní parasítámọ̀, yóò ní kó máa lọ. Bákan náà ni ìyá ọlọ́mọ tuntun tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn àgbà wa mọ abísínwín kí dókítà kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Síbẹ̀, ẹ lọ wo kílíníìkì: a wọn ọmọ, a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, a kò wo ojú ìyá tó gbé e dání.

Mo sọ pé mímọ èèyàn ló ń pa ìbẹ̀rù, kì í ṣe ìwé nìkan. Ilẹ̀ Yorùbá ló ti fi èyí han gbogbo ayé. Ní 1944, Láńtòrò l'Abẹ́òkúta ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun wa sí, àwọn tí ogun àgbáyé kejì da ọpọlọ wọn rú. Ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Aro, l'Abẹ́òkúta kan náà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò tíì parí. Ohun tí Lambo ṣe ni pé ó bá àwọn abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, ó gba yàrá lọ́wọ́ wọn, ó fi aláìsàn sí ilé àwọn èèyàn, mọ̀lẹ́bí kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá láti máa dáná fún un. Láàárọ̀ wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án wọ́n ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń bá wọn ṣeré, wọ́n ń bá wọn lọ síbi ayẹyẹ. Lambo kò jókòó ti ará abúlé kó máa ka ìwé fún wọn. Wọ́n jọ gbé ni. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, Lambo sì di igbá-kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá.

Lambo tún ṣe nǹkan kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bínú sí: ó gba àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè láti bá a ṣiṣẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán, torí àwọn aláìsàn ṣì ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kọkànlá 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibi 28 tí wọ́n dé ní Nàìjíríà: ilé oníṣègùn, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé àwọn àfáà, ilé ìwòsàn ìjọba náà wà lára wọn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn. Ó rọrùn láti dá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lẹ́bi kí á sì kúrò níbẹ̀. Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé máa lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà nínú ilé wọn, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, kí wọ́n jọ máa tọ́jú aláìsàn. Aláìsàn 307 ló kópa. Ní 2020 ni àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet: àwọn tí wọ́n tọ́jú lọ́nà yìí gbádùn ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù aláìsàn kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kò ní lè wọ àgbàlá yẹn.

Èyí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Ọ̀fà, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ńlá. Ẹ pe àwọn tó ti ṣàìsàn ọpọlọ rí, tí wọ́n ti gbádùn tàbí tí wọ́n ń lo oògùn tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí wọ́n kọ́ wọn. Mi ò ní kí ẹ gbé wọn jókòó síwájú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wò wọ́n. Ẹ san owó fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń san fún àlejò olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan ohun tí wọ́n fẹ́ sọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Kí ìyàwó ilé kan sọ bí ó ṣe rí lára òun lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan fi orúkọ ọmọ pe òun, tó ní "Ìyá Sàdíá, ẹ káàbọ̀". Ìgbìmọ̀ tí Lancet gbé kalẹ̀ lórí bí a ṣe máa fòpin sí ẹ̀gàn àìsàn ọpọlọ sọ ní 2022 pé nínú gbogbo ohun tí aráyé ti gbìyànjú, kí àwọn èèyàn pàdé ẹni tó ti la àìsàn náà kọjá ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó darí ìgbìmọ̀ náà, Charlene Sunkel ti South Africa, ní schizophrenia. Níbí náà, Hauwa Ojeifo, tó dá ẹgbẹ́ She Writes Woman sílẹ̀ ní 2016, kò fi àìsàn tirẹ̀ pamọ́. A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣe é.

Kí posting náà sì bẹ̀rẹ̀ láti kílíníìkì àwọn tó ń padà wá gba oògùn, kí ó tó kan wọ́ọ̀dù pàjáwìrì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rí télọ̀, olùkọ́ àti awakọ̀ tí wọ́n tò sórí ìlà, tí wọ́n ń ṣàwàdà, tí wọ́n ń kánjú kí wọ́n lè tètè padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó bá wá rí ẹni tí wọ́n fi okùn gbé dé, yóò ti mọ ibi tí ẹni yẹn ń lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣọ́ ẹnu yín níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ àwàdà kan tí ẹ bá sọ nípa aláìsàn ní ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ jìnnà ju lẹ́kíṣọ̀ wákàtí méjì lọ.

Òfin ti wà lẹ́yìn wa. Láti 1916 ni òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ọpọlọ ti wà, wọ́n tún un tẹ̀ ní 1958, ẹni tó yẹ kí wọ́n tọ́jú kọ́ ni ó kà wọ́n sí bí kò ṣe ẹni tó yẹ kí wọ́n tì mọ́lé. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó dá ẹ̀tọ́ wọn mọ̀, tó sì kọ̀ kí wọ́n máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ka òfin yẹn kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì wúwo lọ́kàn mi ju gbogbo èyí tí mo ti ń sọ lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣàìsàn. Ìdánwò, owó ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, ikú aláìsàn àkọ́kọ́ tí ẹ tọ́jú: ara kì í ṣe òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe ń sọ̀rọ̀ aláìsàn ọpọlọ nígbà tí wọ́n bá kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa yín. Nítorí náà, ẹ ń pa á mọ́ra. Ẹlòmíràn á wọkọ̀ lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n kó tó lè rí dókítà. Ẹlòmíràn kò ní lọ rárá. Ẹ̀gàn tí ẹ kó jọ fún aláìsàn, ẹ̀yin fúnra yín ni ó ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé ẹni tó bá gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ yóò padà sí kíláàsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ṣe ń padà, pé wọn kò ní lé e, pé wọn kò ní ka fáìlì rẹ̀ sétí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè lọ bá síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó lè pè. Ẹ ṣe é kí ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé.

Mo dúró síbí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó dìde. Ẹni tí kò bá fẹ́ dìde, kó kọ ọ́ sórí ìwé láìkọ orúkọ, kó fi ránṣẹ́ síwájú. Èyí tó wá lórí ìwé ni màá kọ́kọ́ dáhùn.